Iná Pupa Lórí Ọsibítù

Oṣù ìbejì tí ọmọ Fadérera bí kò pé, inú àpótí amóoru ní ọsibítù ìjọba ni wọ́n wà. Síbẹ̀, ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀. Fadérera lọ ra ẹ̀wà tí wọn yóò fi kí ìbejì káàbọ̀, ó sì kọ ṣéńjì fún Ìyá Mákindé tó ń tà á.

"Ẹ bá mi yọ̀."

"Yéè! Ẹ tètè gba ṣéńjì yín!" ni ọlọ́jà náà pariwo. "Ẹ̀rọ ìjọba tó ń ṣọ́ iye owó ọjà á ní mo fowó lé ẹ̀wà!"

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Iná pupa tàn lórí òrùlé ọsibítù tó kọjú sí ọjà: ẹ̀rọ ti kà á pé ọjà ti wọ́n, òfin sì ni pé bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ìjọba kò gbọdọ̀ náwó títí di ọ̀la. Jẹnẹrétọ̀ tó ń fún àpótí amóoru níná dákẹ́.

Fadérera da ẹ̀wà sílẹ̀, ó ki eré mọ́lẹ̀, ó ń bọ́ bùbá rẹ̀ lọ́nà, kí àyà tirẹ̀ lè rọ́pò àpótí náà.