Nọ́ọ̀sì Tí Kò Béèrè Ìdí Tí Ẹni Àkọ́kọ́ Fi Lọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ kà á dé ìparí, pàápàá ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ ọsibítù ti sú.

1.
Nọ́ọ̀sì kan wà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Kíákíá. Ó ń yára rìn, ó ń yára jẹun, ó sì ń yára pinnu. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà. Aláìsàn mẹ́rìndínlógún lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ wíwú, ẹ̀yìn ríro, oúnjẹ ọ̀sán lórí ìdúró. Ṣé ẹ máa bá a wí pé ó fẹ́ kúrò? Èmi ò ní bá a wí o.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan pè é pé òun ń wá nọ́ọ̀sì tí yóò máa wá tọ́jú ìyá òun nínú ilé lójoojúmọ́. Aláìsàn kan péré! Kíákíá lọ wo ilé náà ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ó rí yàrá tó tutù, ó rí àga tìmùtìmù, ó rí fèrèsé tó kọjú sí òdòdó. Ó bọwọ́ lu ìwé lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí òun náà jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwé kan, ò bá a yọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ta ló ń ṣiṣẹ́ yẹn kó tó kàn ọ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Kí ló dé tó fi lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọlọ́pàá ni mí ni?"

"Tó bá rẹ̀ ẹ́, ta ló máa gbà á lọ́wọ́ ẹ? Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ o."

Kíákíá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àgbà yìí, ẹ fẹ́ràn ìbéèrè ju oúnjẹ lọ!" Ó ṣáà ti fọ́nnu fún gbogbo wọ́ọ̀dù pé òun ń lọ síbi ìsinmi.

2.
Ìsinmi wo? Màmá àgbà náà sanra, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Ní ọsibítù, èèyàn méjì ló ń gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti orí ibùsùn sórí àga. Níbí, Kíákíá nìkan ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní kó máa fọ aṣọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, obìnrin tó gbà á síṣẹ́, ọmọ Màmá, tún dé: "Sísítà, ẹ bá wa se nǹkan díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ." Kíákíá ò lè ráhùn sétí ẹnikẹ́ni, torí òun fúnra rẹ̀ ló ti fọ́nnu pé ibi ìsinmi lòun ń lọ.

Màmá alára fẹ́ràn rẹ̀. Tó bá ti rí i tó ń sáré kiri, á ní, "Ọmọ mi, rọra o, mi ò ní sá lọ."

Èyí tó wá burú jù nìyí. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá Màmá jà, ó sì ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlìn, tó ń fa ṣúgà ara wálẹ̀, láràárọ̀ kó tó jẹun. Ní wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì méjì ló ń yẹ abẹ́rẹ́ yẹn wò, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ti gún un tán. Nínú ilé yìí, kò sí ìwé kankan. Kíákíá ní òun máa ra ọ̀kan. Ọ̀la, ọ̀la, títí oṣù fi parí.

3.
Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ẹ̀yìn tó ń ro Kíákíá ò jẹ́ kó tètè dé. Ọmọ Màmá wo aago, ó gún ìyá rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì sáré lọ síbi iṣẹ́ láì fún un lóúnjẹ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kíákíá wọlé pẹ̀lú òógùn lójú. Ó bá Màmá tó ń tòògbé. Kò jí i, kò béèrè nǹkan kan. Ó fa oògùn, ó gún un. Bó ṣe fa abẹ́rẹ́ yọ báyìí ni Màmá lajú.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fẹ́ gún mi lónìí?"

Kíákíá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó rí i bí ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi rí ohun tó burú jùyẹn lọ: ọwọ́ Màmá ń gbọ̀n, òógùn bò ó, ojú rẹ̀ sì ń pa dé.

"Màmá, ẹ má sùn! Ẹ bá mi mu èyí, ẹ jọ̀ọ́!"

Ó ń fún un ní omi ṣúgà díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kejì pe ọkọ̀ ọsibítù. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Ọdún mẹ́sàn-án ò ṣòfò.

Orí yọ wọ́n. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Màmá jókòó lórí ibùsùn ọsibítù, ó ń bú dókítà pé tíì òun ò gbóná. Ẹ ò rí bí inú Kíákíá ṣe dùn sí èébú yẹn!

Ọmọ Màmá sáré dé láti ibi iṣẹ́, ó bú sẹ́kún. "Èmi ni mi ò sọ."

"Èmi náà ni mi ò béèrè," Kíákíá dá a lóhùn.

"Nọ́ọ̀sì tó ṣáájú yín bẹ̀ wá pé ká ra ìwé, ká sì wá ẹnì kejì. A ní wàhálà ẹ̀ pọ̀. Ìdí tó fi lọ nìyẹn."

4.
Kíákíá fúnra rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún dókítà, kò fi bò. Wọ́n bá a wí, ṣùgbọ́n wọn ò gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì méjì ló ń pín iṣẹ́ Màmá ṣe báyìí.

Kíákíá ní tirẹ̀ wá iṣẹ́ sí yàrá ìtọ́jú ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe bàtà. Lọ́tẹ̀ yìí, àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ló lọ wo ibẹ̀. Ó jókòó ti nọ́ọ̀sì tó fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó béèrè títí ọ̀gá fi rẹ́rìn-ín: "Sísítà, ṣé àwa la fẹ́ gbà yín síṣẹ́ àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbà wá?"

"Àwa méjèèjì ni, sà."

Ọ̀gá náà mú ìwé àdéhùn iṣẹ́ wá, ó sì kọ àkókò ìsinmi Kíákíá sínú rẹ̀ níṣojú rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí kì í ṣe ti ọsibítù dára, mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àga tìmùtìmù tàn yín. Ẹ béèrè ẹni tó ṣáájú yín, ẹni tó máa bá yín gbé aláìsàn, ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín tó bá rẹ̀ yín, àti ibi tí wọ́n ń kọ oògùn tí wọ́n fún un sí. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yín ti dá yín lóhùn. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì kan kó tó bọwọ́ lùwé. Abéèrè kì í ṣìnà.