Adìẹ Ogún Ìyá Mi

A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọkọ mi ní Lumaco, Lorenzo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti ń kó adìẹ mi sínú àgò.

Àwọn tó ń yé ẹyin aláwọ̀ ojú ọ̀run ló ń kó, ogún ìyá mi.

Ó fi àwọn funfun tí mo rà nígboro sílẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo bú sẹ́kún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi!"

"Ìyàwó, gba àkùkọ aláìnírù yẹn. Kó máa yé ẹyin fún ọ!"

Ó rẹ́rìn-ín lọ.

Mo nu ojú mi.

Láàárín àwa ẹ̀yà Mapuche, obìnrin ló ń sin adìẹ, Lorenzo kò sì bi wá léèrè rí.

Inú ẹyin aláwọ̀ ojú ọ̀run ni àkùkọ yìí ti jáde. Gbogbo abo tí àwọn adìẹ funfun bá bí fún un ni yóò máa yé irú rẹ̀.

Olúwa, dárí ẹkún ẹ̀tàn yẹn jì mí.

Bí Lorenzo bá padà wá, màá tún sun ẹkún náà.