Omi Tí Wendell Tì Wọ Ògiri Ìyá Rẹ̀

Ẹ dákun, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì ń gbé lọ́dọ̀ yín. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ilé fífọ̀ lásán ni.

1.
Ní ìlú kékeré kan ní Wisconsin, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Wendell. Ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń gbé pẹ̀lú Denise ìyàwó rẹ̀, Kirsten ọmọ wọn, àti Arlene ìyá rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró Arlene kò lágbára mọ́. Lọ́jọ́ tí dókítà kọ́kọ́ dárúkọ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ìyá náà di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Wendell, má gbé mi lọ síbẹ̀ o. Yàrá tí bàbá rẹ kú sí ni kí n kú sí."

"Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbé yín lọ síbì kankan." Ó búra fún un.

2.
Ọdún náà ni Kirsten jáde ilé ìwé girama. Bí ọmọ bá jáde báyìí níbẹ̀, àgbàlá ilé ni wọ́n ti ń gbàlejò. Aládùúgbò, olùkọ́, ará ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn á wá jẹ ẹran àti kéèkì, ojú wọn á sì máa wo ilé. Rọ́bà funfun pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni wọ́n fi bo ara ilé Wendell níta, ọ̀kan gun orí ọ̀kan bí ìpẹ́ ẹja. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kì í dé ti dọ̀tí, ó ti di aláwọ̀ ewé. Ẹ̀gbẹ́ yàrá Arlene nìyẹn.

"Báàkẹ́tì omi, fínígà díẹ̀, àti búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ gígùn ni bàbá rẹ ń lò," ni Arlene sọ fún un. "Á fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ìdọ̀tí má baà fa ìlà sí i lára. Bó bá wá fẹ́ ṣàn án, á gun àkàbà, á jẹ́ kí omi tòkè wá. Kò dojú omi kọ òkè rí."

Wendell bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àti báàkẹ́tì yín! Ṣé kí n máa fọ ilé bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun ni?"

"Ìpẹ́ ẹja ni, Wendell. Bí omi bá ti ìsàlẹ̀ kọlù ú, á ṣí."

Wendell lọ yá ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi jáde. Ẹ̀rù àkàbà ń bà á, kò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀, ló bá dúró sílẹ̀, ó dojú ẹ̀rọ kọ òkè, ó ń tú omi sábẹ́ ìpẹ́ náà. Níta, ògiri funfun báláú. Aládùúgbò tó ń kọjá lọ ń kí i kú iṣẹ́. Wendell kò rí omi tó ń gba ẹ̀yìn rọ́bà wọ inú pákó ògiri lọ.

3.
Kò pẹ́ tí Arlene fi pè é.

"Wendell, ògiri ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì mi tutù. Ó tún ń rùn."

Ó fọwọ́ kàn án. Ó mọ ohun tó ṣe.

"Pe ẹni tó máa ṣí i," ni Denise wí. "Lónìí."

"Kí wọ́n bọ́ ara ilé sílẹ̀ nígbà tí àlejò ń bọ̀? Kí wọ́n wá máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀? Ó di ìgbà tá a bá ṣe ti Kirsten tán."

Ó sún kọ́bọ́ọ̀dù bo ojú ibi tó tutù. Arlene ń wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Wendell, o mọ̀ pé èmi ni mò ń sùn síbí."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi. Ọjọ́ díẹ̀ ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ sọ òótọ́: irú "ọjọ́ díẹ̀" yìí, ta ni kò sọ ọ́ rí?

4.
Àlejò wá, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n yin ilé. Wendell ń rẹ́rìn-ín títí etí. Ikọ́ Arlene ń gba ojú fèrèsé jáde. Bí wọ́n bá bi Wendell, á ní, "Àgbà ni, ẹ má dá a lóhùn."

Àlejò lọ. Ó ku kó ṣí ògiri. Iṣẹ́ dé, ìsinmi dé, òní di ọ̀la. Lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ògiri ti bu, ó dúdú. Nígbà tí ewé igi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, èémí Arlene kò délẹ̀ mọ́, wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù.

"Kí ló wà nínú yàrá tó ń sùn sí?" ni dókítà bi wọ́n.

Wendell ń wo bàtà rẹ̀. Denise ló dáhùn. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

"Kò gbọdọ̀ padà sínú ilé yẹn," ni dókítà wí, "àfi tí ògiri bá gbẹ tí wọ́n sì tún un ṣe."

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó náà ni wọ́n gbé Arlene lọ.

5.
Wendell wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ rọ́bà náà. Pákó inú ti jẹrà, ó ń rún sí i lọ́wọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, yìnyín sì ń bọ̀. Lójoojúmọ́ ló ń lọ wo ìyá rẹ̀, lójoojúmọ́ nìyá ń bi í ní ìbéèrè kan náà.

"Ṣé ògiri ti gbẹ? Ṣé mo lè máa bọ̀ nílé?"

"Ó kù díẹ̀, Màámi."

Lọ́jọ́ tó bi í kẹ́yìn, ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jáde. Wendell bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹnu sún mọ́ etí rẹ̀.

"Ó ti gbẹ, Màámi. Lọ́la ni mo máa wá gbé yín."

Irọ́ ni. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọmọ dáadáa." Ibẹ̀ ló kú sí, lórí bẹ́ẹ̀dì àjèjì.

Wendell parí ògiri náà. Àwọn èèyàn ṣì ń yìn ín bí wọ́n bá ń kọjá. Bẹ́ẹ̀dì Arlene ṣì wà lẹ́yìn ògiri yẹn, wọ́n tẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni kì í sùn síbẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra fún ojú ayé. Àlejò tí ẹ ń tún ilé ṣe dè, á jẹun, á sì máa lọ. Bí àgbà ilé bá ní ibì kan ń rùn, ẹ wò ó lọ́jọ́ náà, ẹ má fi kọ́bọ́ọ̀dù bò ó. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń sọ pé "ọjọ́ díẹ̀ ni."

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.