Dírẹ́bà Tó Kọ̀ Tí Kò Gbéra

Ní ọ̀sán Sátidé tí Ìyá Lempi pé ọgọ́rin ọdún, ojú kọ̀ǹpútà Garnet bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Kì í ṣe nǹkan ńlá. Ìlà tín-ín-rín kan ń sáré kọjá lórí àwòrán, á lọ, á tún padà. Ṣùgbọ́n àlejò ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, orí kọ̀ǹpútà yẹn sì ni fídíò wà.

Lempi ni orúkọ ìyá náà gan-an; ọkọ ọmọ rẹ̀ ni Garnet. Ní Thunder Bay, ní Kánádà, ni wọ́n ń gbé, nínú ilé onígi kan tí yìnyín ti ga dé orúnkún lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń to fídíò náà: ìgbésí ayé ìyá ìyàwó rẹ̀ láti kékeré, tí Garnet fúnra rẹ̀ sì ń fi ohùn ṣàlàyé àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ó ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ti ọdún tó kọjá kò gùn tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ omi bọ́ lójú ọ̀pọ̀ àlejò.

Irja, ìyàwó rẹ̀, ló dá a lábàá. "Pe Duane. Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà rẹ lòun náà ń lò, ó sì mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ."

"Ṣé kí n kàn gbé e sórí láptọ́ọ̀pù rẹ ni?"

"Mo ti yá ẹnì kan níbi iṣẹ́. Àárọ̀ yìí ló wá gbé e."

Òdìkejì títì ni ilé Duane wà. Garnet kò tíì gbé fóònù kalẹ̀ dáadáa tí Duane fi kan ilẹ̀kùn. Ó bọ́ bàtà yìnyín sẹ́nu ọ̀nà, ó kí Ìyá Lempi, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ.

"Dírẹ́bà ni," ló wí.

Ìyá Lempi dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ife kọfí. "Dírẹ́bà wo? Ta ló ń wa kọ̀ǹpútà?"

"Kì í ṣe ti ọkọ̀, Mọ́mì," ni Garnet dáhùn. "Òun ló ń bá káàdì àwòrán sọ̀rọ̀, kí àwòrán tó lè hàn. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nìyẹn."

"Ó dáa. Tí dírẹ́bà bá ti mutí yó, ẹ já a sílẹ̀."

Duane rẹ́rìn-ín. "Ohun tí mo fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn, Mọ́mì."

Ó ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí, ó tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó pa ẹ̀rọ, ó tún tàn án. Àwòrán jáde. Ó mọ́ gaara. Ìlà náà ti lọ. Garnet pàtẹ́wọ́.

Ìyá Lempi wúkọ́.

Duane fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ. "Rárá o. Wo pupa yẹn. Kò pọ́n tó."

"Èmi ò rí nǹkan kan o."

"O ò lè rí i. Tó bá wá kú láàárín fídíò ńkọ́, lójú gbogbo ayé?"

Ẹ̀rù ba Garnet. Ó ní kí ó máa bá a lọ.

Duane yọ dírẹ́bà náà kúrò pátápátá, ó fi tuntun sí i. Gbogbo ojú ẹ̀rọ di àwọ̀ ewé. Ó dá ti àtijọ́ padà. Àwòrán dorí kodò. Garnet yí ọrùn bí adìẹ tó ń wo àwòdì.

"Ó ṣáà ń hàn," ló wí. "A lè dorí tẹlifíṣọ̀n tí a fẹ́ fi wò ó kodò."

"Àgbàlagbà ló ń bọ̀," ni Irja sọ. "Ọrùn wọn ò gbà á."

Duane mí kanlẹ̀. Ó ní inú Linux lọ́hùn-ún ni wàhálà wà, àfi kí òun wọ ibẹ̀. Ó wọ ibẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú ẹ̀rọ ti ṣókùnkùn, àmì funfun kékeré kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú ní igun òkè.

"Ọ̀rẹ́, agbára mi ti pin," ni Duane wí.

Garnet jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá tirẹ̀ ti kú kí ó tó gbọ́n, kò ní àwòrán rẹ̀ kankan. Ìyá Lempi nìkan ló mọ̀ ní ìyá.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì."

Ìyá Lempi gbé ọwọ́ lé e lórí. "Kí ni n óò bínú sí? Ṣé fídíò ló máa ń bá mi kó yìnyín ni? Dìde, ọmọ mi. Lọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa."

Nígbà tí àlejò pé, Garnet dìde láàárín wọn, ó sì sọ fún wọn pé fídíò kò ní sí.

"Áà! Ó mà ṣe o," ni bàbá àgbà kan wí, ó sì na ọwọ́ sí ọbẹ̀ ẹja.

Wọ́n jẹun, wọ́n mu. Wọ́n kọ orin Finland tí àwọn òbí wọn kó wá. Ìyá Lempi jó ijó táńgò títí ó fi rẹ ọkùnrin méjì. Garnet náà rẹ́rìn-ín débi pé ó gbàgbé kọ̀ǹpútà. Gbogbo wọn gbà pé àwọn kò ì tíì ṣe ọjọ́ ìbí tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bí Duane ti ń wọ bàtà rẹ̀ láti máa lọ, Ìyá Lempi sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn, ó sì sọ ọ́ sí i létí pé, "O ṣeun, ọmọ mi, bí mo ṣe bẹ̀ ọ́ gẹ́lẹ́ lo ṣe é, ṣùgbọ́n lọ́dún tó ń bọ̀, jọ̀ọ́, bá wa tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ba kọ̀ǹpútà yẹn jẹ́ láti ìgbà ooru."