Ọlọ Ata Mi

Títù ọkọ mi a máa ya àwòrán ogun tí àwọn bàbá wa jà. Á ṣa egungun nínú ahoro ìlú, á sì lọ̀ ọ́ di ọ̀dà funfun lórí ọlọ ata mi. Ọbẹ̀ mi ń rùn bí isà òkú. Ọ̀rọ̀ náà kó mi nírìíra.

Nírọ̀lẹ́ àná, bó ti ń lọ egungun àgbọ̀n òkú kan lọ́wọ́, àlejò kan wọlé, ó fi aṣọ bo ẹnu.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o. Kí lẹ ń fẹ́?" mo bi í.

Itọ́ ń kán lábẹ́ aṣọ náà. Ó nawọ́ sí ọlọ, ó wá ká aṣọ kúrò. Kò ní àgbọ̀n. Ahọ́n rẹ̀ rọ̀ dé ọrùn.

Títù kò tilẹ̀ sá. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ má mira."