Ẹ̀ẹ̀kan-Péré àti Alùpùpù Inú Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá fi í sílẹ̀. Ẹ kà á débi tó parí sí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gun alùpùpù. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́ lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

1.
Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń fi alùpùpù gbé búrẹ́dì lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà ò jìnnà sí i. Tí àsìkò òtútù bá ti dé, ariwo wọn ló ń jí gbogbo wa. Ọ̀kan á fa ṣóòkù, irin kékeré tí wọ́n ń fà kí ẹ́ńjìnnì tó tutù lè jí, títí, ọ̀kan á fẹsẹ̀ gbá kíìkì títí òógùn á fi bò ó nínú òtútù, ọ̀kan á máa bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bẹ ìyàwó tó ń bínú.

Ọkùnrin tí mò ń wí yìí kì í jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Á rọra ti tiẹ̀ jáde láti inú ilé, á wò wọ́n yíká, á gbá kíìkì lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì á dáhùn. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ẹ̀ẹ̀kan-Péré nìyẹn. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

2.
Ohun tí a ò mọ̀ ni pé ó ti ń jìyà tiẹ̀ níkọ̀kọ̀. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á gbé alùpùpù náà wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín àwọn yàrá, á ní nítorí olè ni. Tó bá di àárọ̀, á ti ilẹ̀kùn iwájú pa, á ki àkísà sábẹ́ rẹ̀ kí ariwo má bàa jáde. Á wá gbá kíìkì níye ìgbà tó bá gbà. Ariwo àwọn tó wà níta ló fi ń bo tiẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa, á pa á, á sì tì í jáde wá ṣe fọ́ńté lójú wa.

Yàrá ìyá rẹ̀ ló sún mọ́ ilẹ̀kùn iwájú jù. Aṣọ ìkélé ló wà lẹ́nu rẹ̀, nítorí màmá fẹ́ràn láti mọ ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde.

3.
Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé orí ń fọ́ òun láràárọ̀, pé èébì ń gbé òun, pé tó bá fi máa di ọ̀sán gbogbo rẹ̀ á ti lọ. Ẹ̀ẹ̀kan-Péré kì í ṣe ọmọkọ́mọ. Ó ra oògùn, ó ra bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn, ó ní òtútù ni, ó ní ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ fura sí èéfín alùpùpù náà. Ó ní, "Ẹ gbé nǹkan yìí síta, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kó máa gbóná níta bíi tàwọn yòókù."

"Kí wọ́n wá máa pè mí ní Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá?"

Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò bá a jiyàn mọ́, ó kàn ń tètè jí lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Ó ti rẹ obìnrin náà.

4.
Àárọ̀ ọjọ́ tí òtútù mú jù lọ, ìyàwó ò sí nílé. Àbúrò rẹ̀ ló bímọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sùn. Ẹ́ńjìnnì kọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan-Péré gbá a títí, ó ń ta, ó ń kú. Nígbà tó wá gbà, ẹ̀rù bà á láti tètè pa á. Ó fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, ó lọ wẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó sì fa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé kí òtútù má bàa mú ìyá rẹ̀.

Nígbà tó padà wọlé, èéfín ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òyì kọ́ òun gan-an díẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó kí màmá pé òun ń lọ, màmá ò dáhùn, ó rò pé ó ń sùn. Ó ti alùpùpù jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó gbá kíìkì lẹ́ẹ̀kan. A pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ìyàwó ló dé tó bá màmá nílẹ̀, màmá ṣì di aṣọ ìkélé mú, bí ẹni tó fẹ́ jáde tí kò lè jáde. Àwa aládùúgbò la gbé e síta. Ní ọsibítù, dókítà ní èéfín ẹ́ńjìnnì ló ṣe é, ó sì béèrè ẹni tó ń tan ẹ̀rọ sínú ilé. Ẹ̀ẹ̀kan-Péré, tí a ti ránṣẹ́ pè níbi iṣẹ́, wolẹ̀.

5.
Màmá ò kú. Ó ti padà sílé, ó ń jẹun, ó ń rìn, ó máa ń jókòó síwájú ilé láàárọ̀. Àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ ò pé mọ́. Ọmọ rẹ̀ lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o," màmá kí i, bí ẹni ń kí àlejò. "Ta lẹ fẹ́ rí?"

Ó dárúkọ ara rẹ̀ fún un, orúkọ tí màmá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Orúkọ yẹn mà dáa. Ta ló sọ yín bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀yin ará, ẹ má tan alùpùpù tàbí ẹ̀rọkẹ́rọ sínú ilé, yálà ilẹ̀kùn ṣí tàbí kò ṣí. Òtútù kì í ṣe àwáwí. Ẹ gbé e sí gbangba, ẹ fa ṣóòkù, ẹ gbá a títí tó fi máa gbà. Kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, kò sóhun tó máa ṣe yín. Bí orí bá sì ń fọ́ àgbàlagbà ilé yín láràárọ̀, kí ẹ tó ní ọjọ́ orí ni, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe láàárọ̀.

Ní àárọ̀ òní, Ẹ̀ẹ̀kan-Péré gbé alùpùpù síta, ó gbá kíìkì títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Màmá jókòó, ó ń wò ó. Ó ní kí a ran ọ̀gbẹ́ni yẹn lọ́wọ́.