Kabúrétọ̀ Tí Kò Gba Òkè

Atúnlùúṣe ni àwọn aládùúgbò ń pe obìnrin kan, oríyìn ló sì kà á sí. Ìyá rẹ̀ ń dá gbé ní ìlú kan lórí òkè gíga, àánú ìyá yìí kì í sì í jẹ́ kó gbádùn. Nígbà tó lọ síbẹ̀ kẹ́yìn, ó bá a tún ilé ṣe dáadáa: ó kó ìkòkò àtijọ́ dànù, ó lé ológbò jáde, ó sì kìlọ̀ fún ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ tó máa ń wá tàkúrọ̀sọ pé kó lọ jókòó sílé ara rẹ̀. Ìyá náà ò lè sọ̀rọ̀ fún ìdùnnú.

Ọkọ̀ èrò máa ń mú un bì, nítorí náà ọkọ̀ àtijọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń gẹ̀ bí ẹyin ni wọ́n fi ń lọ. Ìyẹn ni pé, láti ìgbà yẹn, ìdajì òkè ni wọ́n ń fi dé. Níbẹ̀ ni yóò ti wúkọ́, tí yóò tú èéfín dúdú, tí yóò sì kú.

"Kabúrétọ̀ ni," ni ọkọ á wí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí òṣùpá. "Òkè ga, ebi ń pa ẹ́ńjìnnì. Màá yí i kí epo tó ń wọ inú rẹ̀ pọ̀ sí i."

Odidi mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì! Ó tún ọkọ̀ gbogbo ìlú ṣe tán, tirẹ̀ ló wá di awo mọ́ ọn lójú. Bó bá sì ti fi epo kún un, ọkọ̀ náà kì í dé ibi tó kú sí tẹ́lẹ̀ mọ́.

"Ìyá mi, ọkọ̀ tún ti ṣe ìṣe rẹ̀ o," ni obìnrin náà á sọ lórí fóònù.

"Háà, ó mà ṣe o, ọmọ mi." Ohùn ìyá á máa gbọ̀n, á sì yára gbé fóònù sílẹ̀. Ọmọ mọ̀ pé ẹkún ló fẹ́ sun.

Nígbà tó sú u, ó dúró kí ọkọ sùn lọ́sàn-án, ó wa ọkọ̀ náà lọ bá mẹkáníìkì òpópó kejì. Ìyẹn tú kabúrétọ̀ wò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, epo ti pọ̀ jù. Atẹ́gùn òkè fẹ́lẹ́. Bí epo ò bá dín, ẹ́ńjìnnì ò ní lè mí. Ta ló ṣe báyìí sí i?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni. Ẹ ṣáà bá mi dín in."

Lọ́jọ́ tí wọ́n tún gbéra, ọkọ̀ náà gun òkè bí ewúrẹ́. Wọ́n kọjá ibi tó máa ń kú sí, ẹ́ńjìnnì ń kùn bí oyin. Òógùn bo ojú ọkọ.

"Ṣé inú yín ò dùn ni?"

"Ó dùn," ló wí, bí ẹni tí wọ́n ń wọ́ lọ sílé ẹjọ́.

Ojú ló ń tì í. Ìyàwó dárí jì í nínú ọkàn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ibi tó yẹ kí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ kọjú sí.

Ìyá náà ṣílẹ̀kùn, ó wo ọmọ rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó wá yíjú sí ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀: "Àna mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín? Ṣebí ẹ bá mi ṣàdéhùn pé ọkọ̀ yìí ò ní gun òkè mọ́ láéláé?"